Òfìfo tó ń jẹ gbèsè: láti Ẹ̀sìẹ́ dé inú ihò dúdú

Ẹ jókòó o, thread yìí gùn díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti dé mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀sìẹ́ rí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, ẹ ti rí àwọn ère òkúta yẹn. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ní Ìgbómìnà ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n di òkúta síbi tí wọ́n jókòó sí.

Ìyẹn ni mo rántí nígbà tí mo kà pé àwọn onímọ̀ físíìsì Rọ́ṣíà ti ń pe ihò dúdú ní "ìràwọ̀ tó dì gbagidi" tẹ́lẹ̀. Lójú ẹni tó wà lókèèrè, ohun tó bá ń já sínú rẹ̀ á dà bíi pé ó dúró sójú kan létí ibẹ̀. Ẹ̀sìẹ́ ojú ọ̀run!

Báwo la ṣe mọ̀ pé òòfà lè darí ìmọ́lẹ̀? Wọ́n dán an wò nítòsí wa níbí. Ní May 29, 1919, oòrùn wọ̀ọ̀kùn, Eddington sì ń ya fọ́tò ìràwọ̀ ní oko kòkó Sundy, ní erékùṣù Príncipe. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ìkùukùu bolẹ̀. Nínú fọ́tò 16, méjì péré ló wúlò. Òun àti fọ́tò Sobral ní Brazil ló gbè Einstein lẹ́sẹ̀.

Àwọn adúláwọ̀ ló ru ẹrù wọn gba inú igbó kọjá. Ìròyìn wọn ò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Ó wá di 1965, Penrose fi ìṣirò hàn pé tí ìràwọ̀ bá wó kọjá ààlà kan, ó máa parí sí singularity dandan, ibi tí òfin Einstein fúnra rẹ̀ ti kú. Àmọ́ ó gbà pé agbára ò lè jẹ gbèsè láéláé, ìyẹn ni pé kò lè kéré sí òdo.

Òfìfo sì ń jẹ gbèsè! Casimir ti ṣírò rẹ̀ ní 1948: tẹ́ ẹ bá gbé irin pẹlẹbẹ méjì súnmọ́ra gan-an nínú òfìfo, wọ́n á máa fa ara wọn, torí agbára tó wà láàárín wọn kéré sí ti ìta. Ní 1974, Hawking fi hàn pé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ń wọ inú ihò dúdú, ihò náà sì ń joro.

Ṣé gbèsè yẹn lè dá ìràwọ̀ tó ń wó dúró kó tó dé ìdí? Àbí ṣe ló máa tì í lọ síbẹ̀? Tí wọ́n bá ṣírò agbára òfìfo súnmọ́ singularity, iye rẹ̀ máa ń ga sókè láìlópin, ìṣirò náà á sì fọ́. Wọ́n ṣì ń jà lé e lórí.