Awo Ní Í Gbé Awo Nígbọ̀nwọ́: Ìtàn Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìgbáyégbádùn ní Amẹ́ríkà

Tí a bá gbọ́ "wẹ́fíà" nílùú wa, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni ọmọ tó sọnù tàbí tọkọtaya tó ń jà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó jẹ́ pé ìtọ́jú ọkàn gan-an ni tiwọn. Wọ́n á jókòó ti ẹni tí ìbànújẹ́ tàbí ẹ̀rù ti da ọkàn rẹ̀ rú, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ tọ́jú rẹ̀. Clinical social workers ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí a bá wo ìtàn ẹgbẹ́ wọn dáadáa, ohun mẹ́ta ni wọ́n ti ń jà fún: orúkọ, àṣírí àti owó.

Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1905, Dókítà Richard Cabot ti Massachusetts General Hospital ní ìlú Boston ṣàkíyèsí pé òògùn nìkan kò tó, nítorí aláìsàn tó bá padà sínú ebi àti ìṣẹ́ yóò tún padà wá. Ó gba nọ́ọ̀sì kan, Garnet Pelton, pé kó máa bá àwọn aláìsàn wo ọ̀rọ̀ ilé wọn. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí ikọ́ ife mú Pelton kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ida Cannon bọ́ sípò rẹ̀.

Ní 1918, Cannon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1926, àwọn tó ń bá alárùn ọpọlọ ṣiṣẹ́ dá tiwọn. Ní 1955, ẹgbẹ́ méje para pọ̀ di National Association of Social Workers, tí wọ́n ń pè ní NASW. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìparí 1960 sí 1969, ọ̀rọ̀ òṣì àti ẹ̀tọ́ ará ìlú ló gba ọkàn ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó ń tọ́jú ọkàn rò pé wọ́n ti ń fi tiwọn sẹ́yìn. Ní 1971 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi so ara wọn pọ̀. Clinical Social Work Association ni orúkọ ẹgbẹ́ náà lónìí. Òun àti NASW ló bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n ṣòfin ìwé àṣẹ, kó má di pé ẹni tó bá ti wù ú lè máa jẹ́ orúkọ náà.

Ìwé àṣẹ yìí ló gba àṣírí là. Ní oṣù Kẹfà 1991, ọlọ́pàá obìnrin kan, Mary Lu Redmond, yìnbọn pa Ricky Allen ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó ní Allen fẹ́ fi ọ̀bẹ gún ẹlòmíràn ni. Àwọn ẹbí Allen ní kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé lẹ́yìn ikú náà, Redmond lọ bá Karen Beyer, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó ní ìwé àṣẹ, ní nǹkan bí ìgbà 50. Wọ́n ní kí Beyer kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó kọ̀. Adájọ́ wá sọ fún ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ pé wọ́n lè gbà pé ohun tó wà níbẹ̀ kò gbe Redmond. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n san 545,000 dọ́là fún ẹbí Allen.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yìí, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. NASW wà lára àwọn tó kọ̀wé láti gbè Redmond lẹ́yìn. Adájọ́ Scalia kò gbà. Ó ní ìyá ẹni ló ń ran ọkàn ẹni lọ́wọ́ jù, síbẹ̀ òfin kò dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí a bá ìyá ẹni sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti fèsì, pàápàá tí a bá rántí pé ẹbí kan ń wá òtítọ́ nípa ikú ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 1996, adájọ́ 7 nínú 9 ní kí àṣírí wà ní àṣírí. Adájọ́ Stevens ṣàlàyé pé àwọn tálákà àti mẹ̀kúnnù ló pọ̀ lára àwọn tó ń lọ bá òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn. Kò sí ire kankan tí ìlú máa rí nínú kí a bo àṣírí ẹni tó lówó láti rí dókítà ọpọlọ, kí a sì tú ti ẹni tí kò ní.

Owó ló kù. Ní 1989, ilé aṣòfin àpapọ̀ gbà kí Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, máa sanwó fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìdá 75 nínú 100 owó tí wọ́n ń san fún onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ni wọ́n fi sí i. Léraléra ni àwọn ẹgbẹ́ ti ti àbádòfin tó fẹ́ sọ ọ́ di 85 lẹ́yìn.

Nínú èdè wa, "awo" ni àṣírí, "awo" náà sì ni ẹni tí wọ́n fi àṣírí hàn. Beyer ti ẹnu rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn awo tó ṣáájú rẹ̀ ló jà fún un. Ẹni tí ìlú bá ní kó pa àṣírí òun mọ́, ó yẹ kí ìlú mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ pé.