Owó Orí àti Gbòǹgbò Ìjà Òmìnira ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

A ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ni ó kọ́kọ́ bá òyìnbó du òmìnira. Lóòótọ́ wọ́n ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, inú oko àti inú ọjà ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà wà.

Ní 1893 ni àwọn olórí Ẹ̀gbá àti Gómìnà Carter tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: Ẹ̀gbá yóò ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì ka òmìnira wọn sí. Ọdún mọ́kànlélógún péré ni àdéhùn náà lò. Ní oṣù kẹjọ 1914, sójà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn ará Ìjẹmọ̀. Kí oṣù méjì tó pé, òmìnira Ẹ̀gbá ti di ìtàn.

Tẹ́lẹ̀ rí, owó bodè ni ìjọba ń jẹ, ẹni tí ó bá kó ẹrù kọjá ni ó sì ń san án. Ní 1918, Lugard fi owó orí rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò rà, tí kò tà, yóò san án. Ní oṣù kẹfà àwọn àgbẹ̀ dìde. Wọ́n hú ojú irin, wọ́n gé wáyà tẹligíráfù, wọ́n sì pa Ọ̀ṣílẹ̀ Òkè-Ọnà. Àwọn sójà tí ó ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni a rán sí wọn: ènìyàn dúdú ni a fi ṣẹ́gun ènìyàn dúdú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀mí ni ó bá Ogun Àdùbí yìí lọ, owó orí kò sì kúrò.

Àwọn ìyá wa ni ó mú un kúrò lọ́rùn ara wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin nìkan ni ó ń san án. Ní Ẹ̀gbá, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di 16. Síbẹ̀ wọn kò ní ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti so àwọn obìnrin tí ó kàwé mọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó pa gáùn tì, ó ró ìró, Yorùbá ni ó sì ń sọ, àní níwájú aláṣẹ òyìnbó, kí onítọ̀hún wá ògbufọ̀ fún ara rẹ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin yí ààfin Aláké ká. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, ó sì di 1950 kí ó tó padà. Nígbà tí a tún ìgbìmọ̀ ìlú tò, obìnrin ti wà níbẹ̀, Ìyáàfin Ransome-Kuti pẹ̀lú.