Ohun Tó Gbé Oníkálukú Dé Ogun Kírìjì

Lọ́dún 1878, Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Ìmẹ̀sí, bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pìtàn pé ìyàwó Fábùnmi ni ajẹ́lẹ̀ náà fọwọ́ kàn. Ìbàdàn ní kí wọ́n fa Fábùnmi lé àwọn lọ́wọ́, ìlú kọ̀ jálẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó kù náà fi dìde sí ajẹ́lẹ̀ tiwọn, tí wọ́n sì para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀.

Ìyà ọjọ́ pípẹ́ ló bú jáde lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí Ìbàdàn ti lé Ìlọrin sẹ́yìn ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, ni agbára rẹ̀ ti ń tàn lọ síhà ìlà-oòrùn. Ajẹ́lẹ̀ a gba ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a tún máa gbé ewúrẹ́ àti adìẹ ará ìlú láìsanwó. Ọba wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àlejò ló ń pàṣẹ.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú yàtọ̀. Ọ̀nà ló ká wọn lára. Etíkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá, Ìbàdàn kò sì dé etíkun. Lọ́dún 1877, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán èèyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Ẹ̀gbá sì dínà mọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ní oṣù Keje, Ìbàdàn ya wọ oko Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú náà sì ti ọ̀nà tirẹ̀ pa. Bí Ìbàdàn bá rí ọ̀nà gbà dé etíkun, ta ni yóò tún máa jèrè láàárín?

Ìlọrin kò gbàgbé Òṣogbo, ó lọ dó ti Ọ̀fà tó bá Ìbàdàn ṣe. Ilé-Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ jọ fara kan ara wọn ni, síbẹ̀ Ifẹ̀ bá Èkìtìparapọ̀ lọ, Mọdákẹ́kẹ́ dúró ti Ìbàdàn.

Fún ọ̀dọ́kùnrin Ìbàdàn, ogun ni iṣẹ́. Oyè ìlú náà kì í ṣe àjogúnbá, akíkanjú ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan a lọ sá di ológun kan, a bá a jagun, bó bá kó ẹrú bọ̀, ọ̀gá a gba tirẹ̀, èyí tó kù a di ìpìlẹ̀ agboolé tuntun. Àwìn ni ọ̀pọ̀ ìjòyè ti ń gba ìbọn àti ẹ̀tù. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí wọ́n pa lọ́dún 1874 lẹ́yìn tí Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè, wà lára àwọn olówó tó ń tà á fún wọn. Ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀tù, ojú ogun náà ló ti máa wá owó tí yóò fi san án.

Ní ìhà kejì, Ògèdèngbé Ìjẹ̀ṣà ni olórí ogun. Ìbàdàn ti mú un lẹ́rú rí nígbà èwe rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti kọ́ ogun jíjà. Kò sáré wá o. Agbègbè Àkúrẹ́ ló wà tó ń bá ogun tirẹ̀ lọ, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Èkó ni ìrànlọ́wọ́ tó le jù ti wá. Àwọn Sàró àti Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà láti Sierra Leone àti Brazil, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ogun ti sọ àwọn tàbí òbí wọn di ẹrú rí, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ń dáwó ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn: kí wọ́n tó da ẹ̀tù sí i, kí wọ́n tó fi ọ̀pá kì í wọlé láti ẹnu, ìbọn òdìkejì ti dún léraléra. Láti ara ìró yẹn ni ogun náà ti gba orúkọ Kírìjì.

Látòósà kú sí ibùdó lọ́dún 1885. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Samuel Johnson àti Charles Phillips, oníwàásù méjèèjì, ń gbé ọ̀rọ̀ ìjọba Èkó láti ibùdó dé ibùdó, títí wọ́n fi kéde àlàáfíà lórí pápá ogun ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886. Síbẹ̀ Ìlọrin kò kúrò lẹ́yìn odi Ọ̀fà, Mọdákẹ́kẹ́ náà kò kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀. Ọdún 1893, nígbà tí Carter, Gómìnà Èkó, wá fúnra rẹ̀, ni àwọn ọmọ ogun tó kù tó tú ká. Àwọn tó ń bá Ògèdèngbé jagun kò níṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì ń kó àwọn ará abúlé lẹ́rù. Lọ́dún 1894, Bower, ọ̀gágun àwọn Òyìnbó, mú Ògèdèngbé fúnra rẹ̀ nítorí ẹ̀.