Bọ́tìnnì Kejì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú kan, àwọn ọ̀gá panápaná tó wà nísàlẹ̀ ilé gogoro ti Àríwá ní World Trade Center, ní ìlú New York, gbọ́ ariwo kan bíi pé ilẹ̀ fẹ́ ya. Òkùnkùn ṣú bò wọ́n, eruku gba ibẹ̀ kan. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú wọn fi gbé rédíò rẹ̀ sẹ́nu, tó ní kí gbogbo àwọn panápaná tó wà lókè máa bọ̀ nísàlẹ̀ kíákíá. Wọn ò mọ̀ pé ilé kejì, ti Gúúsù, ló wó. Gbogbo ayé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n rí i. Àwọn tó wà nínú ilé tó kù gan-an ni wọn ò rí i.

Àwọn kan lókè gbọ́ àṣẹ náà. Àwọn mìíràn ò gbọ́. Ìṣẹ́jú 29 lẹ́yìn náà, ilé ti Àríwá wó. Panápaná 343 ló bá iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọn ò tíì bí nígbà náà, àmọ́ ẹ ti wo fídíò rẹ̀ títí tó fi sú yín. Ìtàn rédíò inú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, torí pé ṣókí ni wọ́n máa ń sọ ọ́: "rédíò ò ṣiṣẹ́," ó parí. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ilé kúrò nílẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí: ẹ wọ lífítì, tàbí ẹ wa mọ́tò wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lábẹ́ ilé ìtajà ńlá kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ògiri kọnkéré tí irin kún inú rẹ̀ máa ń gbé ìgbì rédíò mì. Gíláàsì ìgbàlódé tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò kí oòrùn má baà gbóná wọlé náà ń dí i lọ́nà. Bí ilé bá ṣe ga tó, tó sì fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyà ṣe ń jẹ ohùn tó. Fóònù yín tiẹ̀ ní òpó tó ń ràn án lọ́wọ́. Rédíò ọwọ́ panápaná kò ní. Níbi iná, láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì ni ọ̀rọ̀ ń lọ tààrà, kò sí òpó kankan láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá wà ní àjà 70 tí èkejì wà nísàlẹ̀, gbogbo kọnkéré àárín wọn ni ohùn náà gbọ́dọ̀ là kọjá.

Kì í ṣe ọdún 2001 ni New York ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí o. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1993, àwọn kan gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀, wọ́n sì mú un bú gbàmù ní ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ World Trade Center kan náà. Ènìyàn 6 kú, àwọn tó fara pa lé ní 1,000. Lọ́jọ́ yẹn náà, àwọn panápaná ò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa nínú ilé náà. Nítorí ìyẹn, ní 1994, àwọn aláṣẹ tó ni ilé náà ra ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rìpítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti yéni. Á gbọ́ ohùn tó ti rẹ̀ látọ̀dọ̀ rédíò kékeré, á fún un lágbára, á sì tún un sọ jáde lójú ẹsẹ̀, bíi ti ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kábíyèsí tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba jẹ́jẹ́, tó wá ń ké e fún gbogbo ọjà gbọ́.

Ẹ̀rọ náà dára. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní títàn nígbà gbogbo, ó lè da ọ̀rọ̀ àwọn panápaná mìíràn rú níbòmíràn nínú ìlú. Nítorí náà, àwọn panápaná fúnra wọn ló ní kí wọ́n máa pa á, kí wọ́n tàn án nígbà tí àwọn bá bèèrè. Ní ọdún 2000, wọ́n tún ní kí wọ́n gbé ibi tí wọ́n ti ń tàn án wá sórí tábìlì ààbò iná nísàlẹ̀ ilé gogoro méjèèjì, kó lè wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n gbé e wá.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lórí rẹ̀. Èkíní ń jí rìpítà náà. Èkejì ló ń fún ohun ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí tábìlì, tó rí bíi gbohùngbohùn tẹlifóònù, láyè láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Aago 8:46 ni ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ kọ lu ilé ti Àríwá. Nígbà tó fi máa di 8:54, ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì èkíní. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé kò sẹ́ni tó tẹ èkejì ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ní nǹkan bí aago 9:05, ọ̀gá kan di ohun ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí tábìlì mú, ọ̀gá mìíràn mú rédíò ọwọ́, wọ́n fẹ́ dán an wò. Wọn ò gbọ́ ara wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ò ṣiṣẹ́, wọ́n bá gba ṣánẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀, rìpítà náà ti jí láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

A ò sọ èyí láti bú wọn o. Ẹ fojú inú wò ó: ọkọ̀ òfuurufú ti wọlé sí ilé méjèèjì, àwọn ènìyàn ń já bọ́ láti òkè, ẹ wá ní kí ènìyàn rántí bọ́tìnnì kejì? Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí ẹni tó ń sáré ikú gbọ́dọ̀ ronú kó tó lò ó, òun ni ká bi léèrè.

Bá a ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n lò ó nínú ilé ti Gúúsù. Orio Palmer, ọ̀gá panápaná ẹni ọdún 45, wà lára àwọn tó lọ síbẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ iná mànàmáná, ó tiẹ̀ ti kọ àpilẹ̀kọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè fi rìpítà sọ̀rọ̀ nínú ilé gíga. Ó rí lífítì kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gbé e dé nǹkan bí àjà 40, ó wá ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ, tòun ti ẹrù panápaná lára. Bó ṣe ń gòkè ló ń ròyìn. Ó dé àjà 78, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú náà ti fara kan ilé. Ó sọ iye ibi tí iná wà àti ohun tí wọ́n máa fi pa á, ó sọ pé òkú pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́ ọ. Téèpù ohùn wọn wà títí dòní, nítorí pé rìpítà náà gbà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó dé àjà yẹn ni ilé náà wó.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ kan náà, òwúrọ̀ kan náà: nínú ilé kan ó gbé ohùn dé àjà 78, nínú èkejì wọ́n pa á tì bí òkú ẹ̀rọ.

Ó tọ́ ká fi kún un pé ìgbìmọ̀ náà ò di gbogbo ẹ̀bi ru rédíò. Àwọn panápaná kan kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé ni wọ́n ti sáré wá láìmú rédíò dání. Àwọn kan gbọ́ àṣẹ, wọ́n sì dúró ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹnu pọ̀ jù. Àwọn ọlọ́pàá inú hẹlikópítà rí i láti òkè pé ilé ti Àríwá náà fẹ́ wó, wọ́n sì kìlọ̀, àmọ́ rédíò ọlọ́pàá ni wọ́n fi kìlọ̀. Panápaná ò sí lórí rẹ̀.

New York nìkan kọ́ ló jìyà ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1987, iná jó ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ King's Cross, ènìyàn 31 kú. Ìwádìí tó tẹ̀lé e ní kí wọ́n wá rédíò tó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Nǹkan bí ọdún 18 kọjá lọ lẹ́yìn iná náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2005, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta lábẹ́ ilẹ̀ àti nínú bọ́ọ̀sì kan, ènìyàn 52 kú. Àwọn ọlọ́pàá ọkọ̀ ojú irin ní rédíò tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Àwọn panápaná àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ aláìsàn kò ní. Ṣe ni àwọn kan ń sáré gòkè sáré sọ̀ kalẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀. Nǹkan bí ọdún 18!

Ohun tó yí padà lẹ́yìn náà, tí a rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù, ni pé ní Amẹ́ríkà wọ́n yé bi rédíò nìkan léèrè, wọ́n yíjú sí ilé. International Fire Code ti ọdún 2009, ìwé òfin iná tí ọ̀pọ̀ ìlú ń lò níbẹ̀, sọ ọ́ di ọ̀ràn onílé pé kí ohùn panápaná gba inú ilé náà kọjá, gẹ́gẹ́ bí omi ìpaná àti ilẹ̀kùn àbáyọ ṣe jẹ́ ọ̀ràn rẹ̀. Wọ́n á pín àjà kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí ìgun 20. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìdíwọ̀n dání á máa rìn láti ìgun dé ìgun, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohùn ń wọlé, ó sì ń jáde. Bí kò bá kúnjú ìwọ̀n, onílé á gbé áńtẹ́nà sórí òrùlé, á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ohùn, á sì fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí àwọn áńtẹ́nà kéékèèké káàkiri àjà, pẹ̀lú bátìrì tó máa gbé e ró bí iná bá lọ. Ní New York, òfin ìkọ́lé ọdún 2014 sọ irú èyí di dandan fún ilé gogoro tuntun.

Iṣẹ́ ọwọ́ lásán kọ́ ni o. Ẹ ti gbọ́ bí mákírófóònù ṣe máa ń han nígbà tí ẹni tó dì í mú bá sún mọ́ sípíkà jù lóde àríyá. Bí áńtẹ́nà òrùlé bá ń gbọ́ ohùn áńtẹ́nà inú ilé, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀, àfi pé etí yín ò ní gbọ́ ọ. Rédíò àwọn panápaná tó wà ládùúgbò ló máa dí.

Ilé tuntun ni irú òfin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú, ilé àtijọ́ pọ̀ jù wọ́n lọ. Ilé Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù, alájà 24, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Nígbà tó jóná ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, tí ènìyàn 72 kú, àwọn tó há mọ́ òkè ń pe nọ́ńbà pàjáwìrì láti sọ iyàrá tí wọ́n wà. Àwọn tó gba ìpè náà nílò láti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn panápaná nínú ilé, rédíò ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí bébà pélébé, tí ẹnì kan á sáré gbé e wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n ń kọ nọ́ńbà ilé àti iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ sára ògiri.