Ilé Ọtí Ló Kọ́kọ́ Gbà Wọ́n

Ní New York ṣáájú ọdún 1970, ọ̀dọ́kùnrin tó bá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkùnrin bíi tòun lòun fẹ́ kò ní ibi púpọ̀ tó lè yà sí. Kò lè sọ ọ́ nílé, kò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ọtí ló kù. Ìyẹn pàápàá kò rọrùn, torí pé ilé oníwàkiwà ni ìjọba ka ibi tí irú wọn bá péjọ sí, ọlọ́tí tó bá sì tà fún wọn lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1966, àwọn ọmọ Mattachine, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ irú wọn, wọ ilé ọtí Julius', wọ́n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n bu ọtí fún àwọn. Agbọ́tí fọwọ́ bo ife.

Stonewall Inn, tí kò jìnnà síbẹ̀, wà lọ́wọ́ àwọn Máfíà. Kò ní ìwé àṣẹ ọtí, kò sì sí omi ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi fọ ife. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí òbí ti lé jáde nílé máa ń wá síbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá ya wọlé ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1969, àwọn ọmọ yìí wà lára àwọn tó kọjú ìjà sí ọlọ́pàá.

Ní 1975, Lillene Fifield ṣe ìwádìí kan ní Los Angeles, ó sì ṣírò pé nínú mẹ́ta àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn, nǹkan bí ẹnì kan ni ọtí ti di ìṣòro fún. Àwọn kan gbá iye yẹn mú bí ẹni pé ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ilé ọtí ni wọ́n ti lọ wá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè! Ibẹ̀ náà sì ni ìlú fi sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn dókítà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ka irú ìfẹ́ yìí sí àìsàn, bẹ́ẹ̀ láti 1957 ni Evelyn Hooker ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde: ó kó èsì ìdánwò ọgbọ̀n ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti ti ọgbọ̀n mìíràn tó ń fẹ́ obìnrin fún àwọn ògbógi, wọn kò sì lè fi í ya àwùjọ méjèèjì sọ́tọ̀. Ní Dallas ní 1972, ṣe ni Dókítà John Fryer dé ìbòjú kó tó lè sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun náà ń fẹ́ ọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló pẹ́ jù kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i. Ní 1979, Emery Hetrick àti Damien Martin gbọ́ nípa ọmọ ọdún 15 kan tí wọ́n lù, tí wọ́n sì lé kúrò ní ibùgbé tí ìjọba fi í sí. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1984, olùkọ́ kan ní Fairfax High School ní Los Angeles, Virginia Uribe, bẹ̀rẹ̀ Project 10 nínú iléèwé gan-an. Níkẹyìn, àwọn ọmọ wọ̀nyí rí ibi jókòó sí tí kò sí ìgò ọtí níbẹ̀.

Ohun tó dun ọmọ jù ṣì wà nílé. Caitlin Ryan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco tẹ ìwádìí kan jáde ní 2009 lórí àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 21 sí 25. Àwọn tí ẹbí kọ̀ gidigidi ju àwọn tí ẹbí kò fi bẹ́ẹ̀ kọ̀ lọ ní ìlọ́po 8.4 nínú gbígbìyànjú láti pa ara wọn, ní ìlọ́po 5.9 nínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le, àti ní ìlọ́po 3.4 nínú lílo oògùn olóró. Ryan kò fi í mọ sí inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ṣe ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn òbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Sípáníìṣì àti Ṣáínà, ó sì tún ṣe ọ̀kan ní 2012 fún àwọn ìdílé ìjọ Mọ́mọ́nì.