ìsúnmọ́ (ti ọkọ̀ òfúrufú)

Irú ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ, láti ara *sún mọ́*.

Ìtumọ̀: Apá ìkẹyìn ìrìn ọkọ̀ òfúrufú kí ó tó balẹ̀. Nínú ìkùukùu tàbí eruku ọyẹ́, àmì rédíò ni awakọ̀ ń tẹ̀ lé títí ojú rẹ̀ yóò fi rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀.

Oríṣi rẹ̀

1. *Ìsúnmọ́ NDB.* Èyí ni ó pẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ inú ọkọ̀ kàn ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rọ ilẹ̀ wà ni. Mànàmáná sì lè ṣi abẹ́rẹ́ náà lọ́nà.
2. *Ìsúnmọ́ VOR.* Ó ń sọ ìhà tí ọkọ̀ wà sí ẹ̀rọ ilẹ̀, ó sì péye ju NDB lọ. Bíi ti NDB, kò sọ nǹkan kan nípa gíga: ìwọ̀n gíga tí a kọ sínú àwòrán ọ̀nà ni awakọ̀ ń tẹ̀ lé, kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù ú lọ bí kò bá tíì rí ọ̀nà.
3. *Ìsúnmọ́ ILS.* Àmì méjì ni ó ń lò. Ọ̀kan ń mú ọkọ̀ dúró sí àárín ọ̀nà, èkejì ń mú un sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní dígírì 3 lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ìpele kìíní rẹ̀, awakọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 200 sílẹ̀ kí ó tó pinnu.
4. *Ìsúnmọ́ RNAV.* Àmì sátẹ́láìtì ni a sábà fi ń ṣe é. Òmíràn ń tọ́ka gíga, òmíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlò: A kì í pe ìsúnmọ́ ní *ìbalẹ̀*. Ìsúnmọ́ lè parí láìsí ìbalẹ̀, nítorí awakọ̀ tí kò bá rí ọ̀nà ní ìwọ̀n ìpinnu gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ padà sókè. Ẹ̀mí wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, orí ILS ni ọkọ̀ Sosoliso ń bọ̀ ní Port Harcourt. Ìwádìí fi hàn pé ó kọjá ìwọ̀n ìpinnu láìrí ọ̀nà. Ènìyàn 108 ni ó kú. Ẹ̀rọ tí ó péye jù lọ kì í ṣe ojú fún ni.

Bí ẹ̀rọ kò bá sì ṣeé lò, ó sàn kí a yà síbòmíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú ní Èkó tí ILS tuntun ojú ọ̀nà 18R kò tíì gba àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkèèrè lọ balẹ̀ sí Accra.

Àpẹẹrẹ

- *Ojú ọ̀nà 36 ni wọ́n ń lò lónìí. Láti ìhà Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ni ìsúnmọ́ ti ń wá.* (Ìkẹjà ni pápákọ̀ Murtala Muhammed wà, ní àríwá Festac. 36 túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kọjú sí àríwá. 18, sí gúúsù.)
- *Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kúrò ní Festac. Ìsúnmọ́ àkọ́kọ́ kò yọrí sí ìbalẹ̀, ọkọ̀ náà ṣì ń yí po lókè.*

Ẹ tún wo: ìbalẹ̀, ìgbéra, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀.