Yíyọ Súkúrù Tó Há Lára Alùpùpù

Súkúrù tó há ni èyí tó kọ̀ láti yí nígbà tí a bá fẹ́ tú u. Bí a bá sì ń fipá yí i, orí rẹ̀ á jẹ, díráfà kò ní rí ibi dì mú mọ́. Ibi tí èyí ti wọ́pọ̀ jù lára alùpùpù ni ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ àti ìdérí ike epo bíréèkì.

Irin ni súkúrù, alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì. Bí omi òjò bá ti ráyè wọ àárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìyẹ̀fun funfun á kún àárín eyín súkúrù, á sì gan mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tún gbóná, alumíníọ̀mù á fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń fẹ̀, bí ó bá tutù á sún kì. Ọdún mélòó kan báyìí ti tó.

Síbẹ̀, díráfà tí kò bá orí súkúrù mu ló ń ba orí jẹ́ ju dípẹtà lọ. Orí alágbèélébùú tí Henry Phillips, ará Portland ní Amẹ́ríkà, gbàwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1936 kọ́ ló wà lára àwọn Honda, Suzuki àti Yamaha àtijọ́. Ìlànà Japan tí à ń pè ní JIS ni tiwọn. Àmì tóótó kékeré kan sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu díráfà Phillips kì í wọlé dé ìdí JIS. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, á gùnkè, á yọ̀, á sì họ orí náà. Ẹni tó ń tún irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ṣe, tí kò sì ní díráfà JIS, kò tíì ṣe tán.

Bí díráfà bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a dáwọ́ dúró. Kí a fi epo atúpẹtà sí i di ọjọ́ kejì. Dísù tàbí kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ọlọ́kadà wa ń lò. Lẹ́yìn náà ni ímpáàtì, díráfà wúwo tí à ń fi òòlù lù. A ó kọ́kọ́ yí ọrùn rẹ̀ sí ọ̀nà títú, a ó fi ẹnu rẹ̀ jókòó dáadáa, a ó yí i sí òsì díẹ̀ kó le, ká tó lù ú gbì lẹ́ẹ̀kan. Ìlù náà ń ti ẹnu díráfà wọ inú orí súkúrù ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà tó ń yí i. Bó bá já, a ó gbọ́ ìró kékeré kan, ‘kẹ́’. Ọwọ́ lásán ló kù. Ṣùgbọ́n a kì í lù ú lára kabúrétọ̀: ara rẹ̀ á fọ́.

Ooru náà ń ṣiṣẹ́, pàápàá fún súkúrù tí wọ́n fi gúlúù pupa dè, tó ń rọ̀ ní nǹkan bí 250°C. Alumíníọ̀mù tó yí i ká ni kí a mú gbóná. Kí a kọ́kọ́ gbé táńkì epo kúrò, kí iná má sì dé ìtòsí kabúrétọ̀ rárá.

Bí orí bá ti jẹ pátápátá, a lè fi ayùn irin la ojú tuntun sí i, tàbí kí wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Èyí tó dá mi lójú jù ni kí a fi dírílì gé orí náà kúrò. Ìdérí á jáde, ìyókù súkúrù á yọrí síta. Nítorí pé ohun tó ń fà á ti kúrò, ẹ̀mú lásán sábà máa ń yí i. Irin atúṣẹ́kù tí à ń gbá sínú ihò dírílì léwu ju bí wọ́n ṣe ń yìn ín lọ: bó bá ṣẹ́ sínú ihò, dírílì lásán kò lè gé e.

Robert Pirsig, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, mú irú súkúrù yìí ṣe àpẹẹrẹ nínú Zen and the Art of Motorcycle Maintenance (1974): títí a ó fi yọ ọ́, iye tí wọ́n lè ta odindi alùpùpù ni súkúrù náà tó.

Ẹ má dá súkúrù tí orí rẹ̀ ti jẹ padà sí àyè rẹ̀. Ẹ ra tuntun, ó sàn kó jẹ́ onígun mẹ́fà tí à ń fi álẹ́ńkíì tú, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ ra eyín rẹ̀, ẹ má sì de èyí tó fẹ̀ tó 6 mm kọjá nǹkan bí 10 Nm.